Ọ̀rọ̀ Ẹnu Olùkọ́ Kò Kéré Lára Ọmọ Òṣìṣẹ́

  

Ní ìparí sáà ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ ilé ìwé ọmọ ni ó máa ń gba gbogbo ẹnu wa kan níbi oúnjẹ ọ̀sán àti ní gáréèjì. Owó ìwé, owó aṣọ ilé ìwé, owó tí ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má gbà ṣùgbọ́n tí wọ́n ń gbà lẹ́yìn ilé: gbogbo rẹ̀ ni a ń kà lórí ìka ọwọ́. Ohun kan wà tí a kì í kà mọ́ ọn, bóyá nítorí pé kò gba owó lọ́wọ́ wa. Ohun náà ni ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ ń sọ sí ọmọ létí láti àárọ̀ títí wọn yóò fi lu agogo ìlọlé. Òun ni a fẹ́ sọ lóṣù yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bèèrè pé kí ni ó kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú rẹ̀, kí ó ní sùúrù kí ó kà á dé ìsàlẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ti agbára ọ̀rọ̀ ẹnu ni, ta ni ó yẹ kí ó mọ̀ ọ́n ju òṣìṣẹ́ lọ? Ẹ wo ọmọkùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síbi ẹ̀rọ. Fóómàn kan á sún mọ́ ọn, á ní, "Bí o ṣe di irin yẹn mú dára, ṣùgbọ́n apá rẹ ti sún mọ́ bẹ́líìtì jù. Fà á sẹ́yìn, kí o tún un ṣe kí n rí i." Fóómàn kejì á dúró lókèèrè, á pariwo pé, "Ta ló gba òmùgọ̀ yìí síṣẹ́?" Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ẹ padà lọ wo àwọn ọmọ méjèèjì. Ọmọ ọ̀dọ̀ fóómàn àkọ́kọ́ ń bèèrè ohun tí kò yé e. Èyí tí ó wà lọ́dọ̀ ìkejì ti kọ́ ohun kan péré, ìyẹn bí a ṣe ń fi àṣìṣe pamọ́. Àṣìṣe tí a bá sì fi pamọ́ níbi ẹ̀rọ, ìka ọwọ́ ni ó sábà máa ń gbà.

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti bá ọ̀pọ̀ ọ̀gá jà lórí èébú. A kò gbà kí wọ́n máa pe àgbàlagbà ní ẹran nítorí pé ó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ wọn. Kí ló dé tí a fi gbà kí wọ́n máa pe ọmọ ọdún méje bẹ́ẹ̀, tí a tún ń sọ pé wọ́n ń kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ni?

Gbogbo wa la mọ orúkọ tí wọ́n máa ń pè é. Olódo. Ẹ fi etí sí ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Kò sọ pé ọmọ yìí gba òdo nínú ìṣirò lónìí. Ó sọ ọmọ di ẹni tí ó ni òdo, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe ènìyàn ní onílé tàbí ọlọ́kọ̀, bí ẹni pé òdo ti di dúkìá rẹ̀ tí yóò gbé relé. Bí olùkọ́ bá ti pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọmọ yòókù á gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọn á sì fi ṣe orin títí wọn yóò fi dé ojúlé rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, àwa Yorùbá kì í ṣe ẹni tí kò mọ bí a ti ń fi ẹnu gbé ọmọ dìde. Ìyá tí ó fẹ́ rán ọmọ níṣẹ́ tí ó jìnnà kì í kọ́kọ́ wá pàṣán. Á pè é ní Àjàní, á pè é ní Àkànkẹ́, á ki oríkì ìdílé rẹ̀ títí orí ọmọ yóò fi wú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì yá nílẹ̀. Bí ó bá jíṣẹ́ náà dé, "o káre" ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Àwọn àgbà ní yinniyinni, kẹ́ni ó ṣèmíì. Wọ́n tún ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni à ń fi fà á mọ́ra. Ó dà bí ẹni pé ẹnu ọ̀nà kíláàsì ni a ti ń bọ́ gbogbo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀ bíi bàtà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àgbà nìkan ni a gbára lé. Àwọn onímọ̀ ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sórí ìwọ̀n. Ní Amẹ́ríkà, Robert Rosenthal tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá, àti Lenore Jacobson tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ California, tẹ ìwé kan jáde ní 1968 tí ó dá ariwo sílẹ̀. Wọ́n ṣe ìdánwò fún àwọn ọmọ ilé ìwé náà, wọ́n wá sọ fún àwọn olùkọ́ pé ìdánwò náà fi hàn pé àwọn ọmọ kan, bíi 1 nínú 5, yóò tají lọ́dún náà, wọn yóò sì ya ènìyàn lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ńṣe ni wọ́n ṣa orúkọ àwọn ọmọ náà bí ẹni mú tíkẹ́ẹ̀tì nínú fìlà. Nínú orí olùkọ́ nìkan ni ìyàtọ̀ wà láàárín wọn àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n tún ìdánwò ṣe lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àwọn tí a dárúkọ ní kíláàsì kìíní àti ìkejì ti gòkè ju àwọn tí a kò dárúkọ lọ.

Àwọn onímọ̀ mìíràn ti ta ko ìwé náà láti ìgbà náà wá. Wọ́n ní ìdánwò tí wọ́n lò kò ṣe é gbára lé tó fún ọmọ kékeré, àti pé ní àwọn kíláàsì òkè, ìyàtọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí, kò sì yẹ kí a gbé ìwé náà bí ẹni gbé ìwé mímọ́. Èyí tí ó wúlò fún wa jù ni àlàyé tí Rosenthal ṣe lẹ́yìn náà nípa ohun tí olùkọ́ ń ṣe fún ọmọ tí ó bá gbà pé yóò mọ̀wé. Ó máa ń fi ojú rere wò ó. Ó máa ń kọ́ ọ ní ohun tí ó pọ̀ sí i. Ó máa ń pè é dìde láti dáhùn, á sì dúró kí ọmọ ronú. Bí ọmọ bá dáhùn tán, á sọ ibi tí ó ti gbà á àti ibi tí ó ti ṣì í fún un. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ni gbogbo èyí, kì í ṣe ẹ̀rín lásán? Olùkọ́ ń ṣiṣẹ́ lórí ọmọ tí ó ní ìrètí nínú rẹ̀. Èyí tí ó ti pè ní olódo, ó ti jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí a da ìyànjú pọ̀ mọ́ ìpọ́nni. Ní 1998, àwọn obìnrin méjì kan tí wọ́n jẹ́ onímọ̀, Claudia Mueller àti Carol Dweck, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ní Amẹ́ríkà. Wọ́n gbé iṣẹ́ tí kò le fún àwọn ọmọ náà. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é tán, wọ́n yin apá kan pé orí wọn pé, wọ́n sì yin apá kejì pé wọ́n tẹra mọ́ iṣẹ́. Wọ́n wá ní kí olúkúlùkù mú irú iṣẹ́ tí ó bá wù ú. Nínú àwọn tí a yìn nítorí pé wọ́n tẹra mọ́ṣẹ́, bíi 9 nínú 10 ni ó mú èyí tí wọn yóò ti rí nǹkan kọ́, ì báà le. Púpọ̀ nínú àwọn tí a ní orí wọn pé mú èyí tí wọn yóò tún fi dà bí ọlọ́gbọ́n. Lẹ́yìn èyí wọ́n gbé iṣẹ́ líle fún gbogbo wọn, kò sì sí ẹni tí ó ṣe dáadáa. Nígbà tí wọ́n padà sí irú iṣẹ́ àkọ́kọ́, àwọn tí a yin ìtẹramọ́ṣẹ́ wọn ṣe é dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tí a yin orí wọn ni ó rẹ̀yìn.

Èyí tí ó pa wá lẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, bí kò tilẹ̀ yẹ kí ó pani lẹ́rìn-ín, nìyí. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà kọ máàkì wọn sílẹ̀ fún ọmọ ilé ìwé mìíràn tí wọn kò mọ̀ rí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4 nínú 10 àwọn tí a ní orí wọn pé tí ó bu máàkì lé tiwọn. Ọmọ tí a fi ọgbọ́n dé ládé ń bẹ̀rù kí adé má ṣí. Èyí kan àwa òbí náà, àwa tí a máa ń nà án hàn fún àlejò pé "ọpọlọ ọmọ yìí mú bí abẹ" níwájú ọmọ fúnra rẹ̀.

Àtúnṣe ńkọ́? Kò sí ẹni tí ó ní kí olùkọ́ má tọ́ka sí àṣìṣe. Olùkọ́ tí ó bá ń sọ fún ọmọ pé "ó dára, ó dára" lórí iṣẹ́ tí kò dára ń jalè, àkókò ọmọ ni ó ń jí. Bí a ti ń ṣe é ni a ń sọ. Ní 2014, David Yeager àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ kíláàsì keje kan tí wọ́n kọ àròkọ. Àwọn olùkọ́ wọn ṣe àtúnṣe sí i bí wọ́n ti máa ń ṣe. Kí wọ́n tó dá ìwé padà, wọ́n fi pépà kékeré kan mọ́ ti ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ti apá kan sọ pé a ṣe àtúnṣe yìí kí o lè mọ èrò wa lórí iṣẹ́ rẹ. Ti apá kejì sọ pé mo ṣe àtúnṣe yìí nítorí pé ohun gíga ni mo ń retí lọ́dọ̀ rẹ, mo sì mọ̀ pé ọwọ́ rẹ lè tó o. Láàárín àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, 17 nínú 100 ni ó tún àròkọ wọn kọ lẹ́yìn pépà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn pépà kejì, 72 nínú 100 ni. Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ tí wọ́n yẹ̀ wò kò pọ̀, gbogbo wọn kò tó 50. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti mọ̀ pé àwọn kan ń fojú tínrín irú òun ni ó máa ń wo bírò pupa bí èébú. Ọmọ tí ó wọ bàtà yíya lọ sílé ìwé náà mọ irú ìwò bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ó jẹ́ kọ̀ndọ́kítọ̀ mú ìwé ìṣirò ọmọ rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì ẹ̀ka láìpẹ́ yìí. Ọmọ náà máa ń bá a lọ sínú ọkọ̀ ní ọjọ́ Sátidé, kì í sì í ṣi ṣéńjì èrò fún. Ní ilé ìwé, 3 nínú 10 ni ó máa ń gbà. Olùkọ́ tí ó kọ́ ọ lọ́dún tí ó kọjá kọ "Ó burú" sí abẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìparí. Olùkọ́ tí ó gbà á lọ́dún yìí kọ ọ́ báyìí: "Gbogbo àròpọ̀ rẹ gún. Ìyọkúrò tí a ti ń yá 10 nìkan ni kò tíì yé ọ. Wá bá mi nígbà ìsinmi." Ọmọ náà lọ. Kò di ẹni àkọ́kọ́ ní kíláàsì o, ipò kẹrìnlélógún ni ó wà. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ní òun kì í lé e jáde nílé mọ́ láàárọ̀.

A mọ ohun tí àwọn kan ń sọ nínú ọkàn wọn bí wọ́n ti ń ka èyí. "Ẹgba ni wọ́n fi kọ́ àwa, èébú la jẹ dàgbà, a ò sì kú." Ẹni tí ó yege ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò yege kò sí níbẹ̀ láti sọ tirẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba àpapọ̀ sì tẹ̀ lé e ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1976. Láti ìgbà náà wá, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó wọ kíláàsì kìíní tí kò dé ìkẹfà. Àìlówó ni ó lé púpọ̀ nínú wọn, a kò ní purọ́. Àmọ́ ẹ bi àwọn àgbà awakọ̀ wa léèrè. Ẹ óò rí ẹni tí ó lè tú ẹ́ńjìnnì ká nínú òkùnkùn kí ó sì tò ó padà, tí ó lè ṣírò owó gbogbo èrò inú bọ́ọ̀sì láìmú bírò, tí yóò sì sọ fún yín pé, "Èmi ò ní orí ìwé." Ta ni ó sọ fún un? A kò bí i mọ́ ọn. Ẹnìkan ni ó sọ ọ́ fún un lójú gbogbo kíláàsì nígbà tí ó wà ní kékeré, ó sì gbà á gbọ́ títí irun rẹ̀ fi funfun.

Ibí yìí gan-an ni ó ti kan ẹgbẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í dìde sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Bí a bá ṣí kíláàsì àwọn àgbà, á ní ọjọ́ ti lọ. Bí wọ́n bá lẹ ìwé ìkìlọ̀ ewu mọ́ ara ẹ̀rọ, ẹlòmíràn ni yóò kà á fún un, bí ẹlòmíràn bá wà nítòsí. Àwọn agbanisíṣẹ́ sì mọ̀ ọ́n dáadáa, òun ni wọ́n ń gbé àdéhùn fún pé kí ó tẹ̀ka sí i.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Ìyànjú tí ọmọ kò gbọ́ kò lè ràn án lọ́wọ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní Ilé-Ifẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ lọ́tọ̀. Àwọn tí wọ́n fi wé wọn bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta gẹ́gẹ́ bí ìṣe ilé ìwé. Nígbà tí wọ́n yẹ èsì wò, àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ ni ó ṣe dáadáa jù, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn olùkọ́ ètò náà ní ìwé àti ìdálẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé kò ní, kì í ṣe èdè nìkan ni ó ṣe é. Síbẹ̀, olùkọ́ tí ó lè sọ fún ọmọ ọdún mẹ́fà ní èdè ìyá rẹ̀ pé "ibí yìí ni o ti ṣe é dáadáa, ọ̀hún ni o ti ṣìnà" yàtọ̀ sí èyí tí ń fi Gẹ̀ẹ́sì yìn ín, tí kò sí ohun tí ọmọ gbọ́ níbẹ̀ ju àtẹ́wọ́ lọ.

A kò kọ èyí kí a lè fi olùkọ́ ṣẹ̀sín. Òṣìṣẹ́ ni wọ́n bí tiwa. Ní 2015, gbèsè owó oṣù wọ àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ lọ́rùn débi pé ìjọba àpapọ̀ ní láti wá owó ràn wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n tó lè san án. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ wà nínú àwọn tí wọ́n jẹ ní gbèsè náà. Ẹni tí ebi ń pa ní ilé, ahọ́n rẹ̀ kì í dùn níwájú ọmọ olọ́mọ. Ìlànà ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀ sọ pé ọmọ 35 ni kí olùkọ́ kan máa kọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ ka orí àwọn tí ó wà ní kíláàsì ọmọ tiyín. Bí wọ́n bá jẹ́ 70, tí iṣẹ́ kan sì gba 40 ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú àáyá 34 ni ó kan ọmọ kọ̀ọ̀kan, bí olùkọ́ kò bá tilẹ̀ kọ ohunkóhun sí pátákó. Nínú irú àkókò yẹn, èébú ni ó yá jù. Olùkọ́ tí yóò sọ ibi tí ọmọ ti ṣìnà ní láti ráyè wo ìwé rẹ̀ ná. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ bá ń jà fún owó oṣù wọn àti fún kíláàsì tí kò kún àkúnya, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe sọ pé kò kan òun. Ọmọ wa ni ó wà lórí bẹ̀ǹṣì.

Ohun tí ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má lọ bá olùkọ́ jà nílé ìwé. Ẹ lọ sí ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́, kì í ṣe ìyá àwọn ọmọ nìkan ni yóò máa lọ. Ẹ bèèrè ní gbangba pé ọmọ mélòó ni ó wà ní kíláàsì kan. Ẹ bèèrè pẹ̀lú pé kí a fi òpin sí pípe ọmọ ní olódo nínú ọgbà ilé ìwé náà, láti ẹnu ọ̀gá dé ẹnu àwọn ọmọ. Bí olùkọ́ kan bá ṣe iṣẹ́ rere lórí ọmọ yín, ẹ wá a lọ, kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà fẹ́ gbọ́ "o káre", kì í sì í gbọ́ ọ lọ́dọ̀ ìjọba. Ní ilé, bí ọmọ bá mú káàdì dé, ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ ipò tí ó gbà nìkan ni ẹ ó wò. Ẹ ní kí ó fi iṣẹ́ kan hàn yín tí kò lè ṣe nígbà tí sáà bẹ̀rẹ̀, tí ó lè ṣe nísinsìnyí. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ lè kà á, ẹ jẹ́ kí ó ṣàlàyé rẹ̀ fún yín.

Ẹni tí iṣẹ́ ọ̀sán bá bọ́ sí ọjọ́ ìpàdé ilé ìwé ọmọ rẹ̀, kí ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹ̀ka ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí a lè bá máníjà sọ̀rọ̀ láti pààrọ̀ àkókò iṣẹ́ fún un. Àwọn awakọ̀, ẹ bá alága gáréèjì yín sọ ọ́ bákan náà.